Ọmọ ọdún márùn-ún tó ń mu àtàǹpàkò, àti àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki ọwọ́ bọ ẹnu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọmọ mi obìnrin máa pé ọdún márùn-ún láìpẹ́. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti ń mu àtàǹpàkò, ó sì tún wá jẹ́ ti ọwọ́ òsì. Ìyá ọkọ mi ti fi ata ra á, wọ́n ti fi omi ewúro ra á. Ọmọ náà á sunkún títí, tó bá sì di òru, a ó tún máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé. Láìpẹ́ yìí ni mo wo ẹnu ẹ̀, mo rí i pé eyín iwájú tòkè àti tìsàlẹ̀ kò pàdé. Ní báyìí, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ oṣù mẹ́ta, náà ti ń ki ọwọ́ bọ ẹnu. Àwọn kan ní omi ọmú mi ni kò tó, àwọn kan ní eyín ló fẹ́ hù. Ṣé kí n ra ọmú rọ́bà fún un kó má baà dà bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ sì kú àìsùn òru. Lójú ẹni tó bá ń wo àwọn ọmọ yín méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kò jọra. Ti àbúrò kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Ti ẹ̀gbọ́n ló yẹ ká mójú tó, àsìkò sì ṣì wà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ti kékeré, torí àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn lórí ẹ̀ lè fi wàhálà tí kò sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí ọmọ tó wáyé ló ti mọ ọwọ́ mu. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún oyún ni sìkáànì ti máa ń fi ọmọ hàn pẹ̀lú àtàǹpàkò lẹ́nu. Àwọn ọmọ mìíràn tiẹ̀ máa ń mú ìléròrò wá sáyé lẹ́yìn ọwọ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń fa á mu nínú ikùn. Ọmọ tí kò bá mọ nǹkan fà kò lè mu ọmú, ìdí nìyẹn tí Ẹlẹ́dàá fi fi í sí wọn lára. Tó bá wá tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní ọwọ́. Á gbé e sókè, á tẹjú mọ́ ọn, á gbé e lọ sẹ́nu, torí ẹnu ni ọmọ ọwọ́ fi ń mọ gbogbo nǹkan.

Lóòótọ́, ọmọ tí ebi ń pa náà máa ń ki ọwọ́ bọ ẹnu. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan ló máa ń ṣe: á máa yí orí kiri, á máa la ẹnu wá ọmú, á sì fẹ́ já mọ́ ohunkóhun tó bá kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. Kẹ́ ẹ fún un lọ́mú nígbà náà ló dáa, ẹ má dúró de ẹkún. Ìgbà tí ebi bá ti pa ọmọ jù ló ń ké. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ọmú yín tó, ọwọ́ tó ń mu kọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wo ìlédìí ẹ̀. Ọmọ tó ń rí ọmú mu dáadáa máa ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, ìtọ̀ náà kì í sì í pọ́n. Ẹ wo káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ: tí ìwọ̀n ẹ̀ bá ń gòkè lóṣooṣù, omi ọmú yín tó. Ẹ má tìtorí àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi tàbí àgbo tàbí ògì. Ọmú nìkan ló yẹ ọmọ títí tó fi máa pé oṣù mẹ́fà.

Ti eyín ńkọ́? Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni eyín àkọ́kọ́ máa ń yọ, ti àwọn kan á yá, ti àwọn kan á pẹ́. Itọ́ tó ń dà lẹ́nu ọmọ oṣù mẹ́ta kì í sábà jẹ́ ti eyín, ara ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe itọ́ púpọ̀ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì. Mo bẹ̀ yín gidigidi, ẹ má ra oògùn eyín kankan fún un. Láti ìparí ọdún 2008 wọ 2009, oògùn eyín olómi kan tí diethylene glycol wà nínú ẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà yìí. Májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ni. Àwọn ìyá tó rà á kò ṣe ju ohun tí ìyá èyíkéyìí lè ṣe lọ: wọ́n rí ọmọ tí ara ń ni, wọ́n fẹ́ kó rí oorun sùn.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù lórí ọwọ́ ọmọ ju eyín lọ, ẹ ò sì bèèrè ẹ̀: tìróò. Bí ẹ bá ń lé tìróò fún ọmọkùnrin yìí, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró lónìí. Ọmọ tó ń mu ọwọ́ á fi ọwọ́ nu ojú, á sì dá ọwọ́ yẹn padà sẹ́nu, ohun tó wà lójú á sì bá a lọ síkùn. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, wọ́n bá òjé (lead) níbẹ̀. Wọ́n wádìí títí, tìróò tó ti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n ń lé sójú ọmọ náà, ló fà á. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò ọ̀hún wò, òjé ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Òjé kì í kúrò lára bọ̀rọ̀, ọpọlọ ló sì ń bá jà lára ọmọ kékeré. Kò ní hàn lójú, kò ní fa ibà, ọmọ á máa ṣeré, ọdún á sì ti gorí ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ìwé kò yá a mọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa lé e fún wa, wọ́n sì ní kí ojú wa lè mọ́lẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti ìdọ̀tí, ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀, ẹ máa gé èékánná ẹ̀, ó tán. Ẹ má bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn oníwádìí ní Dunedin, ní New Zealand, tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n bí ní 1972 àti 1973 títí wọ́n fi dàgbà, wọ́n sì rí i pé àwọn tó máa ń mu ìka tàbí tó ń fi eyín gé èékánná lọ́mọdé kò fi bẹ́ẹ̀ ní ara tó ń kọ eruku, irun ẹranko àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Kò dín ikọ́ fée kù o, àwọn oníwádìí náà kò sì ní ká torí ẹ̀ kọ́ ọmọ ní ọwọ́ mímu. Mo kàn sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ tó ń wọ ẹnu ọmọ kì í ṣe ìparun.

Ọmọkùnrin yín kò nílò ọmú rọ́bà. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi sẹ́nu ọmọ tó bá fẹ́ sùn, torí ó jọ pé ó ń dín ikú òjijì lójú oorun kù, wọ́n sì ní kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ọmú mu dáadáa ná. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé torí kí eyín ẹ̀ má baà yọ síwájú lẹ ṣe fẹ́ rà á, kò ní gbà yín. Ọmú rọ́bà tí ọmọ bá mu pẹ́ máa ń yí eyín padà bí àtàǹpàkò ṣe ń yí i. Á tún máa já bọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á mú un, á nù ún mọ́ aṣọ, á dá a padà sẹ́nu ọmọ. Àǹfààní tó ní ni pé ẹ lè gbé e jù nù tó bá yá, ẹ ò lè gbé àtàǹpàkò jù nù. Tẹ́ ẹ bá ti rà á ṣáá, ẹ máa bọ̀ ọ́ nínú omi híhó, ẹ má sì tì í bọ oyin láé, torí kòkòrò kan máa ń wà nínú oyin tó lè rọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lápá lẹ́sẹ̀.

Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi ọwọ́ mímu sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin. Ká ní ọmọ ọdún méjì àbọ̀ ni ọmọbìnrin yín, mi ò bá ní kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ti ń lọ sí márùn-ún, ẹnu ẹ̀ sì ti ń yí padà, ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: àtàǹpàkò á ti eyín òkè síwájú, á ti tìsàlẹ̀ sẹ́yìn, á sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Ahọ́n tó yẹ kó sinmi lé àjà ẹnu á sọ̀ kalẹ̀ torí ìka ti gbayè ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì á máa fún òkè ẹnu pọ̀ bó ṣe ń fà, òkè ẹnu á wá di tóóró. Eegun ọmọdé rọ̀ bí amọ̀ tútù. Kì í ṣe agbára ló ń tẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe pípẹ́: ọmọ tó ń fi ìka sẹ́nu fún wákàtí púpọ̀ lóru kọ̀ọ̀kan ni eyín ẹ̀ ń ṣí, yàtọ̀ sí èyí tó ń fà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí oorun bá ń kùn ún.

Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ní kó pa eyín inú dé bí ẹni tó ń jẹran, kó wá ṣí ètè. Tí àwọn eyín inú bá pàdé tí tiwájú kò pàdé, ẹ wo àlàfo náà bóyá àtàǹpàkò òsì ẹ̀ á bá a mu rẹ́gí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú: ó yẹ kí eyín òkè bo tìsàlẹ̀ díẹ̀ látìta. Tó bá jẹ́ tìsàlẹ̀ ló yọ síta ju tòkè lọ lápá kan, òkè ẹnu ti ń di tóóró nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kí dókítà eyín tó rí i, torí ìyẹn kì í sábà tún ara ẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àtàǹpàkò méjèèjì wò pa pọ̀. Tí tòsì bá mọ́ ju tọ̀tún lọ, tí awọ ẹ̀ funfun tó sì hunjọ, tàbí tó yi lókè oríkèé, ó ń fà á kíkan kíkan. Lóru, ẹ fà á yọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá dún pọ́ bó ṣe ń jáde, ó ń fà á gan-an. Tó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kàn sinmi síbẹ̀ ni, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa eyín lára.

Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ náà. Ọmọ tí eyín iwájú ẹ̀ ṣí lè máa ti ahọ́n jáde tó bá fẹ́ pe “ìsàlẹ̀” tàbí “aṣọ”. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ni kò tíì pe ìró wọ̀nyẹn já gaara, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ ará Ìbàdàn tí ilé yín ń pe “ṣ” ní “s”, èdè ìlú yín nìyẹn, kò kan eyín.

Ọ̀rọ̀ tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé eyín àkọ́hù ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méje ni eyín àgbà máa ń rọ́pò tiwájú. Ọmọ tó bá ti fi ìka sílẹ̀ kí wọ́n tó hù, àlàfo iwájú náà sábà máa ń dí fúnra ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ní ọdún kan ó lé, ẹ ò sì nílò láti lé ọmọ kiri.

Ní ti pé ọwọ́ òsì ni, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dùn yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Hepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Belfast tẹ̀ lé ọmọ 75 tí sìkáànì ti fi ìka tí wọ́n ń mu nínú oyún hàn, wọ́n sì gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2005. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, gbogbo àwọn 60 tó mu tọ̀tún ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Nínú àwọn 15 tó mu tòsì, 10 ló di ọlọ́wọ́ òsì, 5 di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe dá ọmọ ni. Tó bá tún wá jẹ́ pé ọwọ́ yẹn ló fi ń kọ̀wé, ẹ jẹ́ kó máa fi kọ ọ́.

Mo mọ ibi tí ìyá ọkọ yín ti mú ewúro wá. Òun ni wọ́n fi ń ra orí ọmú tí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, torí ìyá ló ni ọmú, ó lè fi aṣọ bò ó kó sì lọ sí yàrá mìíràn. Ọmọ ló ni ìka, ibi tó bá sùn ni ìka ń sùn. Itọ́ á fọ ewúro dànù kí ilẹ̀ tó ṣú tán, ọmọ tó sì ti sùn kò mọ ohun tó ń ṣe débi pé á bẹ̀rù kíkorò. Ata burú ju ìyẹn lọ: ọmọ tó ń sunkún á fi ọwọ́ náà nu ojú, ẹ sì mọ bí ata ṣe ń ta sójú. Àwọn kan ń po chloroquine tí wọ́n fi ń ra ìka torí pé ó korò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán ìyẹn wò nílé yín, torí díẹ̀ lára oògùn yẹn lè pa ọmọdé. Ó tún wà níbẹ̀ pé ìka yìí ni ọmọ náà fi ń rẹ ara ẹ̀ lẹ́kún. Tẹ́ ẹ bá fi ata pa á lẹ́kún tán, kí ló máa fi rẹ ara ẹ̀ lẹ́kún? Ìka náà ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bá a wí rárá, ẹ kàn máa ṣọ́ ìgbà tí ìka ń wọ ẹnu. Ṣé tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n ni? Ṣé tí ebi bá ń pa á? Ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé àbúrò ẹ̀ lé ẹsẹ̀? Mo fura sí èyí gan-an. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò lé máa ń tún fa ìka ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n bá sì wá ń fi ata ra á lásìkò yẹn, á dà bíi pé wọ́n lé e kúrò láyè ẹ̀ ni. Ẹ wá àkókò díẹ̀ lójúmọ́ tó máa jẹ́ tiyín àti tiẹ̀ nìkan, kódà kó jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń di irun fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ mú díńgí, ẹ jẹ́ kó rí àlàfo náà fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹ má fi dẹ́rù bà á. Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún bí oṣù kan, kẹ́ ẹ tún bi í. Ìgbà tó bá gbà ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, dípò “yọwọ́ lẹ́nu!” níṣojú àlejò, ẹ jọ mú àmì kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, bíi kẹ́ ẹ fọwọ́ kan èjìká ẹ̀. Ẹ fún ọwọ́ méjèèjì níṣẹ́: kó bá yín bó ẹ̀gúsí, kó máa ta ayò, kó gbé bèbí pọ̀n.

Òru ló le jù, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá sì ni aṣọ alápá gígùn. Ẹ ra àjákù ańkárá lọ́dọ̀ télọ̀, ẹ ní kó fi mú apá òsì aṣọ ìsùn ẹ̀ gùn títí tó fi máa kọjá ọmọ ìka, kó sì rán ẹnu ẹ̀ pa, kó má fún un lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ yan àwọ̀. Tí ìka bá ń lọ sẹ́nu lójú oorun, aṣọ ló máa kàn, á sì jí díẹ̀ tàbí kó yí padà. Kì í ṣe ìjìyà, ìránnilétí ni. Ọmọ tó bá bọ́ ọ lóru, ẹ má bá a jà. Ẹ má fi okùn tàbí rọ́bà di ìka ẹ̀ láé, ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè kọjá. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí aṣọ ṣì wà lọ́wọ́, kó fi bírò fa igi kan sára kàlẹ́ńdà. Tí igi bá pé márùn-ún, ẹ ṣe ohun kékeré kan tó fẹ́ràn. Òru tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má pa igi tó ti fà tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Ẹ fi ìyá ọkọ yín sínú ẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé dókítà ní ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù wà, kí wọ́n máa pa àlọ́ fún un tó bá fẹ́ sùn, kí wọ́n di ọwọ́ òsì yẹn mú títí oorun á fi gbé e lọ. Mi ò parọ́ fún yín, iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì lóòótọ́: ọmọ tí ọwọ́ ìyá àgbà bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ìka. Ẹ lọ rí olùkọ́ ẹ̀ náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pè é síta kíláàsì nítorí ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì pa àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu mọ́.

Bó bá pé ọdún mẹ́fà tí eyín àgbà ti ń yọ tí ìka sì ṣì ń wọ ẹnu lóròòru, dókítà eyín lè so wáyà kékeré kan mọ́ eyín inú tòkè, tó máa nà dé ẹ̀yìn eyín iwájú, kí ìka má ráyè jókòó síbẹ̀. Á wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọmọ tí òun fúnra ẹ̀ fẹ́ jáwọ́ ni wọ́n máa ń fi sí lẹ́nu, torí èyí tí kò bá fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ wọ́.

Ẹ má dúró dìgbà yẹn kí dókítà eyín tó rí i, níwọ̀n ìgbà tí àlàfo ti wà. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín ọmọdé. Tí ibì kankan bá sún mọ́ yín, ẹ mú un lọ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta yìí. Ẹ kọ ìgbà tó máa ń mu ún sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ṣọ́ ọ, torí wọ́n máa bèèrè. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ fún un pé wọn ò ní yọ eyín kankan lọ́jọ́ náà, wíwò ni wọ́n fẹ́ wò ó.